Ọ̀mì Tí Mo Fi "Yẹs Mà" Gbà

Mo rántí ìgbà tí mo rò pé kò sí obìnrin tó lè ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò ọba àti ayaba, bíi tèmi ní gbogbo Festac. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni, ìgbéraga mi sì pọ̀ ju ọgbọ́n mi lọ. Wọ́n ṣe ìdíje àwọn obìnrin nínú gbọ̀ngàn kan lápá Agboju, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni yóò wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣojú ìpínlẹ̀ Èkó. Bí mo bá jáwé olúborí nínú ayò tó kẹ́yìn, ipò náà di tèmi. Bí a bá ta ọ̀mì, ó bọ́ nìyẹn.

Àfi bí mo ṣe dé ìdí tábìlì tí mo rí i pé olùkọ́ mi àtijọ́ ni a jọ máa ta á, ìyá tó kọ́ wa ní kíláàsì àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ló kọ́ wa pé bí àgbà bá ti bá ọmọ sọ̀rọ̀, "Yẹs mà" ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá tètè sọ ọ́, ìdúró ni yóò wà títí kíláàsì yóò fi parí.

Ayò náà dùn fún mi. Mo ti gba ayaba wọn, ọba wọn ti há sí igun. Mo tẹrí ba, mò ń wá ibi tí màá gbà parí rẹ̀, ni wọ́n bá rọra bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ká kúkú gbà á ní ọ̀mì?"

"Yẹs mà."

Kí n tó mọ ohun tí mo sọ, wọ́n ti na ọwọ́ sí mi, rẹfirí sì ti dá aago dúró. Ẹyin lohùn, tèmi ti fọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rò ó kí n tó dáhùn."

Rẹfirí ní, "Àbúrò, ìwọ lo sọ pé yẹs."

Mo sunkún délé. Nígbà tí ìyá mi gbọ́, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó kéré tán, wọ́n mọ̀ pé mo kọ́ ẹ." Ẹlòmíràn ló wọ ẹgbẹ́ Èkó. Ó dùn mí wọra, inú sì bí mi sí àwọn ìyá méjèèjì fún ìgbà pípẹ́.

Ní báyìí, ẹsẹ̀ ń dun olùkọ́ mi, èmi ni mo ń lọ bá wọn ta ayò nílé wọn. Bó bá ti há fún wọn, wọn a tún fi ohùn jẹ́jẹ́ yẹn bèèrè ọ̀mì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èèyàn lè bọ̀wọ̀ fún àgbà, kó sì kọ̀ fún un. Màá kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì, màá ní, "Rárá o, mà." Lẹ́yìn náà màá dìde, màá sì pa ọba wọn.