Eruku Bọ́ǹbù Lórí Láfún Ìyá Sàbítù

Òjò rọ̀ láàárọ̀ àná ní Thames View, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Nígbà tó dá, eruku pupa ti bo gbogbo mọ́tò tó wà níwájú ilé wa. Títí, ọmọ ọmọ mi, sáré wọlé wá pè mí: "Grandma, ẹ wá wo mọ́tò Daddy, it's all orange!" Bàbá rẹ̀, tó ń wa lọ́rì ní Dagenham Dock, yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ní aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti gbé e wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ọyẹ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ ò mọ ọyẹ́. Ní Abẹ́òkúta nígbà èwe mi, bí ọyẹ́ bá dé, ètè gbogbo wa a bẹ́, ẹsẹ̀ wa a funfun bíi ti ẹni tó wọ inú eérú, àfi ká fi àdín pa á. Lórí àpáta pẹrẹsẹ tó wà lẹ́yìn agboolé wa ni Ìyá Sàbítù ti ń sá láfún. Opó ni, láfún yẹn ló sì fi ń bọ́ ara rẹ̀ àti Sàbítù, ọ̀rẹ́ mi. Iṣẹ́ àwa méjèèjì ni ká máa lé ewúrẹ́. Òkò Sàbítù kì í tàsé. Èmi, mo ju tèmi lọ́jọ́ kan, fìlà Bàbá Lémọ̀ọ́mù ló bà.

Télọ̀ ni bàbá mi, òun nìkan ló sì ní asọ̀rọ̀mágbèsì ládùúgbò. Nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà a pé jọ, bàbá mi a máa túmọ̀ ìròyìn fún wọn. Bí rédíò bá sọ ẹyọ kan, a fi méjì tirẹ̀ kún un. Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ló gbòde nígbà náà. Bí ọ̀kan bá ṣe bọ́ǹbù tó lè pa ìlú kan rẹ́, èkejì a ṣe èyí tó lè pa mẹ́wàá rẹ́. Lójú tèmi, bí ìjàkadì ni, mo tilẹ̀ ń gbè sẹ́yìn Rọ́ṣíà nítorí pé orúkọ rẹ̀ dùn lẹ́nu mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n sọ pé Faransé náà ò fẹ́ gbẹ́yìn, ó ti yin tirẹ̀ ní Sàhárà, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ wá bá wa. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi pa rédíò, ó ní, "Ẹ bo omi yín o. Ohun tí wọ́n sun lọ́hùn-ún, afẹ́fẹ́ ń gbé e bọ̀. Kò lóòórùn, egungun èèyàn ló ń wọ̀." Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àmù agboolé ti ní ìdérí, òkúta sì wà lórí ìdérí. Ìyá mi bo èyí tí kò sómi nínú rẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n láfún kò ṣeé bò. Bí kò bá rí oòrùn àti afẹ́fẹ́, jíjẹrà ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá kan tó máa ń wá kó láfún lọ sí Èkó dé. Ó mú ègé kan, ó wò ó, ó bi èmi tí mo dúró tì í pé kí ló dé tó fi pọ́n. Èmi ọmọ onírédíò, ta ló tún mọ̀ jù mí lọ?

"Eruku bọ́ǹbù ni, mà. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò."

Ó ju láfún náà sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ sára ìró. Ọjọ́ kejì, gbogbo ọjà ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó ra láfún Ìyá Sàbítù mọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, èmi ni mo sì jù ú sílẹ̀.

Ìyá Sàbítù kò bú mi. Ojoojúmọ́ ló ń ro láfún yẹn ní gbangba, tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́ kí ayé lè rí wọn. Sàbítù bu òkèlè kan, ó nà án sí mi lójú àwọn èèyàn. "Jẹ ẹ́. Tí ìwọ bá jẹ ẹ́, wọ́n á gbà." Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù bà mí, mo sì kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Ó dúró títí òkèlè náà fi tutù. Kí ọyẹ́ tó lọ, wọ́n ti kó lọ bá àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ ní Ìlaròó. N kò rí i mọ́ láyé mi.

Di òní olónìí, n kò mọ̀ bóyá bọ́ǹbù wà nínú eruku yẹn àbí eruku lásán ni. Bàbá mi kú láìmọ̀. Ní báyìí, fóònù ń sọ ibi tí eruku ti wá kí èèyàn tó nu ojú mọ́tò tán, ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tún ti ń fi bọ́ǹbù halẹ̀ mọ́ ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, èmi náà ò sì tíì yé bo jọ́ọ̀gì omi mi.

Títí ti fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára mọ́tò. Ó na ọwọ́ pupa náà sí mi. "Grandma, is it bad? Ṣé ó lè pa èèyàn?"

Ẹ̀rù tún bà mí, mi ò purọ́. Mo ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi." Mo sì di ọwọ́ náà mú, tòun teruku rẹ̀.