Ooru Inú POP

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, ó fi ṣíbí tọ́ka sí ihò ara ògiri ilé ìdáná.

“Bàbá Ráfíà, ìgbà wo lẹ máa dí ihò yìí? Alángbá ti fẹ́ kó ẹrù wọlé.”

Mo ní ó di ọ̀la.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, mo po ìyẹ̀fun POP láti dí i. Òórùn rẹ̀, bí ẹfun tútù, rán mi létí ọ̀sán tí mo já bọ́ láti orí òkìtì iṣu ìyá mi ní ọjà Agbogbloshie, tí apá mi dá. Nọ́ọ̀sì fi báńdéèjì POP funfun tó tutù rinrin wé e. Láìpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbóná.

“Màmá, apá mi ń jó!”

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó fi Twi, èdè ibẹ̀, kí mi pẹ̀lẹ́, ó pè mí ní ọmọ Yorùbá: “Kosɛ, Alata ba.”

“Kò jó,” ni ìyá mi wí. “Ó ń dì ni.”

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e títí ó fi tutù, mo sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ooru náà ti wá. Ilé ìwé ni mo ti wá mọ̀ pé ìgbà tí ìyẹ̀fun yẹn àti omi bá so mọ́ra ni wọ́n ń tú ooru sílẹ̀.

Mo dí ihò náà. Nígbà tó gbóná, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e títí ó fi tutù.