Ìró Omi Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ orin n'Ìbàdàn ni mo padà sílé wa n'Ìkẹ́rẹ́. N kò tíì tú ẹrù mi tán tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi fi mí ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí Ìkórè ń bọ̀, Pásítọ̀ ní kí n kọ orin tuntun, kó dá lórí ilẹ̀ àti omi tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ wa, nítorí ìlú ti ń dọ̀tí jù. Inú mi dùn ṣìnkìn. Mo ti mọ omi tí mo máa fi kọrin.

Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kò jìnnà sí ilé wa, abẹ́ àpáta ló ti ń sun. Ibẹ̀ ni Yèyé mi ti máa ń pọnmi nígbà tí ó ń pọ̀n mí, mo sì máa ń rò pé mo rántí òtútù ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dájú pé ọmọ ẹ̀yìn ń rántí nǹkan. Láàárọ̀, tí kùrukùru bá bo àpáta, tí ìlú ò tíì sọ̀rọ̀ sókè, màá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá pa ojú dé, orin á sì máa wá fúnra rẹ̀. Màá yára fi dò-rè-mí kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sá lọ. Tíì mi á tutù sínú kọ́ọ̀bù, n kò ní mọ̀.

Yèyé ló kọ́kọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti dàgbà gan-an, ojú rẹ̀ ò ríran mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbé e jìnnà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú ju ti gbogbo akọrin mi lọ. Mo kọ ẹsẹ kìíní fún un:

Olúwa, O la ọ̀nà fún omi nínú òkúta,
Kọ́ wa ká má ṣe dí ọ̀nà Rẹ.

"Ó dáa," ló wí, "àmọ́ omi ibẹ̀ kì í dún bẹ́ẹ̀. A máa dún bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú." Ó wá dì mí lọ́wọ́ mú. "Bá mi gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù rẹ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ ulé."

Mo mọ ilé tó ń wí. Ìtìjú mú mi: láti oṣù mẹ́jọ tí mo ti dé, n kò tíì sọ̀kalẹ̀ débi odò tí mo ń kọrin nípa rẹ̀.

Mo lọ lọ́jọ́ kejì. Mo na fóònù síwájú bí oníròyìn. Kò sí ohùn kankan. Láti ẹsẹ̀ àpáta títí dé ìdí kókò, ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló kún ibẹ̀, ọ̀rá lórí ọ̀rá, omi ń yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìsọ̀rọ̀. Inú bí mi. Mo ti ń ṣépè fún àwọn ọlọ́kadà àtàwọn ọmọ yunifásítì lábẹ́lẹ̀ kí n tó rí abala ìwé kan láàárín ọ̀rá náà. Dò-rè-mí ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé mi sì ni. Orin tí mo kọ́ àwọn akọrin mi ní Àjíǹde ni.

Mo wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń wò mí. Ní gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìdánrawò orin, akọrin bí ogójì máa ń mu piọ́ wọ́tà, wọ́n á sì gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kó lè mọ́ fún ìsìn. Wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, wọ́n bi mí níbi tí wọn yóò da ìdọ̀tí sí. Èmi yìí ni mo fọwọ́ júwe, n kò tilẹ̀ gbójú sókè: "Ẹ dà á sẹ́yìn."

N kò lè sọ fún Yèyé. Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo rọra ń da omi kẹ́ẹ̀gì sínú ọpọ́n, mo gbà á sínú fóònù, mo gbé e lọ fún un. Ẹ wo àgbàlagbà bíi tèmi o! Ó gbé etí sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Omi ulé nì yìí," ló wí. "Kẹ́ẹ̀gì wa ni. Kí ló ṣe odò?"

Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó kàn fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo sọ ohun tí mo rí fún àwọn akọrin, mo ní ká kó ráàkì, àdá àti àpò. Wọ́n kùn. Ìyá kan tó ń kọ ohùn áátò ní, "Ọ̀gá, orin la wá kọ o, a ò gba iṣẹ́ agbálẹ̀." Mo ká ṣòkòtò, mo kọ́kọ́ wọnú ẹrẹ̀, òun náà sì tẹ̀ lé mi, ó ń pòṣé. Sátidé mẹ́ta la fi kó o, inú ẹrẹ̀ náà la sì ti kọ́ orin wa. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ẹnì kan ní ká dákẹ́. Omi ń dún, tín-ín-rín, lábẹ́ àpáta.

Yèyé gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú fóònù, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Òun ni," ló wí. "Ó ti rù. Ní ùgbà tèmi, orí bẹ́ẹ̀dì yìí ni mo ti í gbọ́ ọ."

Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí. Ó dájú pé èmi náà máa ń gbọ́ ọ sùn lálaalẹ́, mo sì ti gbàgbé pé ohùn rẹ̀ ń dé ibẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ìkórè, orin wa dùn, ìjọ pàtẹ́wọ́, Pásítọ̀ dì mọ́ mi. Mo sáré délé. Yèyé ò bi mí nípa orin. Ó ní kí n ṣí fèrèsé. A jókòó pa pọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, oòrùn ń wọ̀. Ọkadà kan kọjá, ewúrẹ́ ké, lẹ́yìn náà ibi gbogbo rọ̀ wọ̀ọ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan, Yèyé?"

"Rárá," ló wí. "Ẹ ò tíì kó o tán."