Ìkéde Tó Pẹ́ Lọ́wọ́ Mi

Bùrọ̀dá Múfú dá yúnífọ́ọ̀mù wọn padà láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì lè jẹun látìgbà náà.

Ẹ̀ṣọ́ àdúgbò ni wá l'Ágége. Ọ̀fẹ́ la ń ṣe é, sójà kan tó ti fẹ̀yìntì ni ọ̀gá wa, òun ló ń kọ́ wa. Ọdún kẹfà Bùrọ̀dá Múfú rèé. Àwọn ló wọ inú iná lọ gbé ìyá àgbà kan jáde lọ́dún tó kọjá.

Ọ̀gá wa bi wọ́n pé, "Ṣé iṣẹ́ yìí ti sú ẹ ni?"

"Kò sú mi, sà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lórí Wásáàpù pé a ní ẹ̀kọ́ lónìí Sátidé. Níléeṣẹ́ wa n'Íkẹjà, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú lèèyàn ti ń tọrọ àyè. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé mò ń pa iṣẹ́ jẹ."

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tá a ti kéde rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ yìí á wáyè."

Èmi ni akọ̀wé. Lóòótọ́, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí ọ̀gá ti ní kí n kéde rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé di Ọjọ́bọ̀. Mo fi ẹ̀bi náà sílẹ̀ lọ́rùn Bùrọ̀dá Múfú títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Mo sáré bá Bùrọ̀dá Múfú lẹ́nu géètì, mo jẹ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Íkẹjà yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ, mi ò lè fi ta tẹ́tẹ́ mọ́."

Ọ̀gá ṣì gbà pé irọ́ ni wọ́n pa. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, báwo lẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá?