Orúkọ Tí Mi Ò Lè Kọ Sórí Búlọ́ọ̀gì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ bí, ẹ gbọ́ nǹkan tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀gì. Gbogbo ẹni tó bá ti pàdé mi láti ìgbà díẹ̀ ló ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é tí èrò fi pọ̀ lójú òpó mi báyìí. Àwọn kan tiẹ̀ rò pé mo lọ gbàdúrà lórí òkè kan ni. Kò sí òkè kankan o! Ìyá ọkọ mi ni.

Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgbòho. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí mi, àmọ́ ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti wọlé ọkọ níbí, ilé àgbẹ̀ oníṣu. Ohun tí mò ń rí nínú ilé náà ló jẹ́ kí n ṣí búlọ́ọ̀gì ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èbù iṣu, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣá, ìdí tí èlùbọ́ ẹnì kan fi ń dáa ju ti ẹlòmíràn lọ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń kọ. Èdè Yorùbá ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ iye èèyàn tó ń kà á? Mẹ́rin! Èmi, ọkọ mi, àbúrò mi tó wà ní Ìsẹ́yìn, àti ẹnì kan tí mi ò mọ̀ tó máa ń wọlé láràárọ̀. Inú mi máa ń dùn sí ẹnì kẹrin yìí, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà fún un. Ìgbà tó yá ni mo wá rí i pé èmi náà ni, nígbà tí mo bá fi fóònù mi kejì wò ó níléèwé.

Mo polówó rẹ̀ títí. Mo ju líǹkì rẹ̀ sójú òpó àwọn obìnrin ìjọ wa, ìyá ìjọ ní tìtorí àdúrà làwọn ṣe dá òpó náà sílẹ̀, kì í ṣe tìtorí èbù iṣu. Ojú tì mí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n pe àwa tíṣà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣakí, mo ro ẹjọ́ mi fún tíṣà kan tó jókòó tì mí, ọmọ Ilua ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣòro mi ni pé mo jókòó sínú ilé mi, mò ń retí àlejò. Ó ní kí èmi náà lọ ṣe àlejò nílé ẹlòmíràn ná: kí n kọ nǹkan tó dáa fún búlọ́ọ̀gì tó ti lérò, kí wọ́n gbé e síbẹ̀ tòun torúkọ mi, kí wọ́n sì fi ọ̀nà ilé mi hàn nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gbádùn mi níbẹ̀ á tẹ̀ lé mi wálé. Ọ̀nà kan ò kúkú wọjà!

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé màá gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ní bí èyí náà ò bá ṣiṣẹ́, màá ti búlọ́ọ̀gì náà pa kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, kí n sinmi. Ọkọ mi, tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí.

Mo wá mú nǹkan tó dáa jù lọ tí mo ní, mo kọ nípa Akọ̀wé.

Àbúrò ọkọ mi ni Akọ̀wé. Èmi ni mo sì sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ẹ kúkú mọ àṣà wa, ọmọ tí wọ́n bá ti bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó dé, ìyàwó ò gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ọkọ ni gbogbo wọn! Mo fi ọdún méjì ju Akọ̀wé lọ, síbẹ̀ "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tí mo wọlé, mo bá wọn dé oko, mo rí òpó àárín ahéré wọn tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín ìlà sí láti ìsàlẹ̀ dókè. Àṣé àbúrò ọkọ mi yìí ló ń fín in. Lọ́dọọdún, bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, á fín ìlà gígùn kan. Bí òjò náà bá wá dá, á máa fín ìlà kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, títí òjò á fi padà wá. Òpó yẹn ló máa ń wò kó tó gbin nǹkan kan, kí òjò àkọ́kọ́ má baà tàn án jẹ. Ṣé ẹni tó ń ṣe báyẹn kì í ṣe akọ̀wé ni?

Mo ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ó ní kí n máa kọ ọ́ lọ, ta ni yóò kà á? Mo fi ránṣẹ́ sí arábìnrin kan ní Ìbàdàn, olóòtú búlọ́ọ̀gì iṣẹ́ àgbẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi fèsì. Ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ti fò sókè kí n tó ka ìyókù!

Ìyókù rèé. Ó ní ta ní ń jẹ́ Akọ̀wé? Ó ní lásìkò yìí, ẹ̀rọ lọ̀pọ̀ èèyàn ń ní kó bá àwọn kọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀ rí, wọ́n á wá fi ránṣẹ́ sí òun, àwọn tó ń ka búlọ́ọ̀gì òun sì ti bú òun rí lórí ẹ̀. Nítorí náà, kí n yọ Akọ̀wé kúrò níbi gbogbo tó wà, kí n fi orúkọ àbísọ ọkùnrin náà sí i, kí n sì mú ẹ̀rí wá pé ó wà láyé. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì. Bí mi ò bá ṣe é, ẹlòmíràn ló máa gba àyè mi.

Mo ka Akọ̀wé tó wà nínú àpilẹ̀kọ náà. Mọ́kànlélógún! Kí n wá pe ọkọ mi lórúkọ nígbà mọ́kànlélógún lójú gbogbo ayé?

Inú bí mi o. Mo kọ èsì gígùn kan tí mo fi bi í bóyá kò sí ìyàwó ilé lọ́dọ̀ wọn ní Ìbàdàn ni, Ọlọ́run ló ní kí n pa á rẹ́. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ti lọ sóko, kò ní padà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí lọ́hùn-ún. Ọkọ mi ní kí n gbé fóònù wá, òun lẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun á bá mi tẹ orúkọ náà. Mo ní orúkọ ta ló máa wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ yẹn, ṣé tirẹ̀ ni? Ó ní fóònù kò kúkú lẹ́nu. Mo ní àwọn ará Ìgbòho lójú, wọ́n á kà á!

Nígbà tó yá, èmi náà tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ò lọ síbi ìkejì. Ọdún mẹ́tàlá tí ẹnu mi ò ti gbé e, ìka mi náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń retí kí n sọ ọ́ níbí, ẹ máa retí lọ!

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ bá ìyá ọkọ mi, Ìyá Àgbà, níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Èmi rò pé wọ́n á ní kí n gbàgbé ẹ̀ ni. Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró, wọ́n ní:

"Ìyá Tọ́pẹ́, kí ló wá ń dà ọ́ láàmú? Ìwọ nìyàwó. Èmi kì í ṣe ìyàwó ọmọ tí mo bí. Gbé ẹ̀rọ yẹn wá, n ó bá ọ sọ ọ́ fún un."

Mo tẹ ibi tí fóònù ti ń gba ohùn, mo gbé e sún mọ́ wọn lẹ́nu. Àfi bí ẹni pé olóòtú náà jókòó sórí àpótí níwájú wọn! Wọ́n kí i, wọ́n kí ọkọ rẹ̀ (a ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó ní), wọ́n bi í bóyá ooru ń mú lọ́hùn-ún. Wọ́n wá pe ọmọ wọn lórúkọ, wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n sọ oko tí wọ́n wà lọ́jọ́ tí ìrọbí rẹ̀ mú wọn. Wọ́n ní:

"Ọmọ mi ni, ó wà láyé, iṣu rẹ̀ ni mo jẹ lánàá. Ṣùgbọ́n ìyàwó wa ò lè pè é bí mo ṣe pè é yẹn, má fipá mú un. Àjíkẹ́ tó kọ̀wé sí ọ yìí, láti ọdún tó ti dé, kò la ẹnu pe ẹnì kan lórúkọ rí nínú ilé yìí. Akọ̀wé tó pè é náà dáa. Gbà á bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Àjíkẹ́! Oríkì mi nìyẹn o. Látìgbà tí mo ti bí àkọ́bí mi, Ìyá Tọ́pẹ́ ni wọ́n ń pè mí, mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì rántí ẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo fi ohùn náà ránṣẹ́ bó ṣe rí.

Ọjọ́ Ẹtì kọjá, kò sí èsì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí. Mo sọ fún ọkọ mi pé ó ti parí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn àpilẹ̀kọ mi kọ sínú ìwé kan, kí n tó ti búlọ́ọ̀gì náà pa. Kí n má purọ́ fún yín, mo sunkún díẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù mi dún. Olóòtú ló pè fúnra rẹ̀! Ó ní òun jẹ́ kí ìyá òun gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà, ìyá òun sì bá òun jà, pé ṣé ìwé tí òun kà ló ní kí òun máa fagbára mú ìyàwó ilé kó pe ọkọ lórúkọ? Ó ní òun ò yọ Akọ̀wé kankan kúrò. Ohùn Ìyá Àgbà ni òun gbé sókè pátápátá, kí àwọn èèyàn gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹni tó bí i, àpilẹ̀kọ mi wá tẹ̀ lé e. Mo pariwo lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì! Ìyá ìjọ yíjú wò mí. Mo ní ẹ má bínú, àdúrà ló gbà.

Èrò dé o! Àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ ya wọlé. Ẹnì kan láti Ṣakí ní Ìdílẹ̀kẹ̀ lòun ń pe àbúrò ọkọ òun obìnrin. Ẹnì kan láti Okaka ní Ṣọ́jà lòun sọ àbúrò ọkọ òun nígbà tí kò yéé jà, pé ó ti di pásítọ̀ báyìí, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa pa orúkọ náà dà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Àwọn àgbẹ̀ dé tẹ̀ lé wọn, ọ̀rọ̀ òpó ni tiwọn. Wọ́n ń bi mí pé ọjọ́ mélòó ni òjò gbọ́dọ̀ fi dá kí èèyàn tó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Ọ̀pọ̀ wọn gba ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ wá sí búlọ́ọ̀gì mi, wọ́n sì dúró, wọ́n ń ka àwọn èyí tí mo ti kọ láti ọdún méjì. Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ títì í pa?

Ní ọjọ́ Ajé, Akọ̀wé ti oko dé. Mo jókòó tì í, mo ka gbogbo ẹ̀ sí i létí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ìdí tí mo fi ń pè é ní Akọ̀wé, ó ní kí n dúró, kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó wá ní:

"Ìyàwó wa, mo rò pé ẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti pe Akọ̀wé, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ó dáa, tíṣà ni yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Ọdún mẹ́tàlá! Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní nígbà tí mi ò tíì mojú ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí, tí àárò Ìsẹ́yìn ń sọ mí, òpó yẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó wù mí. Ó ní kí n dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

Olóòtú ti ní kí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá ṣe àlejò lórí búlọ́ọ̀gì àwọn. Ó ń sọ ọ́, mò ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a parí, mo gbé fóònù fún un pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, torí ẹ mọ̀ pé mi ò lè bá a tẹ̀ ẹ́. Ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀, ó dá fóònù padà fún mi. Akọ̀wé ló kọ.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Ẹni tó bá fẹ́ kí búlọ́ọ̀gì òun lérò, kó jáde lọ ṣe àlejò nílé ẹlòmíràn, kó sì gbé èyí tó dáa jù lọ dání. Ẹ má sì bọ́ ìwà yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà torí kí wọ́n lè gbà yín wọlé. Ti búlọ́ọ̀gì nìyẹn. Èyí tó jù ú lọ ni pé mo sọ fún gbogbo ayé ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹni tá a jọ ń gbélé.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé ńkọ́? Orúkọ wo lẹ sọ àwọn ọkọ yín kéékèèké, kí sì nìdí ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ọ́ fún wa, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún wọn.