Ìbéèrè Tí Mo Dáhùn fún Ìyá Mi ní Padova

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá mi ṣì ń di irun fún mi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi ni ẹnu ilé wa. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí a dé Padova, láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ná lírà ní Ítálì. Ọdún kan kò pé tí mo ti ń sọ èdè wọn bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Bàbá mi gbọ́ ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Ìyá mi gbọ́ buongiorno àti grazie, ìyẹn ẹ káàárọ̀ àti ẹ ṣé, wọ́n sì gbà pé ó tó àwọn.

Nítorí náà, kò síbi tí wọn kì í mú mi lọ: Questura tí a ti ń gba ìwé ìgbélùú, ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ onílé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ kò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó lórí ọmọdé. Bí ọlọ́pàá bá jágbe mọ́ bàbá mi tó sì pè wọ́n ní òmùgọ̀, ṣé èmi ọmọ tí wọ́n bí ni yóò la ẹnu tún un sọ lójú wọn? Mo máa ń sọ pé, wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á gbàdúrà fún mi. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á ní ọmọ yìí gbọ́n, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí mo ṣe kọ́ irọ́ nìyẹn, ìyìn ni wọ́n sì fi ń bomi rin ín.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé àwọn kan nínú yín ti ń tọ̀ mí wá lẹ́yìn ìsìn. Ẹ ti rí nǹkan kan lórí fóònù nípa Kábálà, ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ àwọn Júù, ẹ sì gbọ́ pé mo ti jókòó nílé ẹni tó mọ̀ ọ́n nígbà kan rí. Ẹ ń bi mí pé ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, báwo lèèyàn ṣe ń dàgbà nípa ti ẹ̀mí, agbára wo ló wà nínú àwọn lẹ́tà wọn. Ó dáa, ẹ jókòó. N ó sọ ohun tí mo mọ̀, kò sì pọ̀.

Ìyá mi ń tún ilé ṣe fún bàbá àgbà kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Professore. Júù ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó wọn sì ti kú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa Kábálà máa ń wá bi wọ́n ní ìbéèrè, bí ènìyàn mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyá mi á lọ se kọfí fún àwọn àlejò náà, èmi á sì bá ìyá mi lọ. Mo máa ń jókòó sórí àga kan láàárín wọn bí ẹni pé èmi náà sanwó.

Ẹ ò bá gbọ́ ìbéèrè. Akọ̀wé báǹkì kan fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun jáwọ́ nínú ẹran jíjẹ. Obìnrin kan na ọwọ́ síwájú, ó ní ṣé okùn pupa tí òun so mọ́ ọn fún ààbò ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun ti ka ìwé mẹ́ta, kí ló dé tí òun kò tíì rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Professore kì í kánjú. Wọ́n ní gbígbà ni ìtumọ̀ Kábálà. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run kò fìgbà kan dín kù, ife tí a gbé sábẹ́ rẹ̀ ló kéré tàbí tó ń jò, ohun tí ènìyàn sì ń fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ni bí yóò ṣe máa gbà láti lè fún ẹlòmíràn. Wọ́n sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó kọ́kọ́ lọ kí ìyá rẹ̀, kí ó tó ka ìwé kẹrin. Ìbéèrè mìíràn sì wà tó jẹ́ pé wọ́n á kàn gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n á ní àwọn kò mọ̀. Ìyẹn máa ń yà mí lẹ́nu, torí pé nílé wa n kò tíì rí àgbà tí wọ́n bi ní ìbéèrè tó ní òun kò mọ̀.

Ìyá mi kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àwọn lẹ́tà Hébérù tó wà lára ògiri ni wọ́n ń wò. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti dàgbà ní Iléṣà, níbi tí wọ́n ti ń fi Sáàmù àti orúkọ mímọ́ gbàdúrà: Sáàmù báyìí fún aboyún, Sáàmù báyìí fún ẹni tó ń wá iṣẹ́, pẹ̀lú omi àti àbẹ́là, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀meje. Pásítọ̀ wa ní Padova kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ sétí. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn orúkọ tí àwọn wòlíì ń pè nílé, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn Professore ni wọ́n ti wá, pé ibi tí omi ti ń sun gan-an la dé yìí. Inú wọn dùn bí ẹni tó pàdé ará ìlú rẹ̀ ní ìdálẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni irin já lu ẹsẹ̀ bàbá mi níbi iṣẹ́. Ọgbẹ́ kékeré ni, wọn kò kà á sí, àfi ìgbà tó dúdú. Ilé ìwòsàn ni a ti gbọ́ pé bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Dókítà, obìnrin kan tó ní sùúrù, ní àwọn máa gé ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta kí ìjẹrà náà má bàa gòkè. Ìyẹn ni mo sọ bó ṣe rí, torí pé dókítà náà fi ọwọ́ hàn wọ́n, kò sí bí mo ṣe lè yí i. Bàbá mi wo ìyá mi. Ìyá mi ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn tó kù ti lọ, ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú Professore. Bàbá àgbà náà fẹ́ gbé wọn dìde, wọn kò dìde.

"Bi wọ́n léèrè," ni ìyá mi wí fún mi. "Orúkọ wo ni? Sáàmù wo ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n kà á, kí wọ́n má gé bàbá rẹ lẹ́sẹ̀?"

Mo bi Professore. Wọ́n ní, "Dille che non lo so. Non esiste un nome per questo. Ascolti i medici." Wọ́n ní kí n sọ fún ìyá mi pé àwọn kò mọ̀, pé kò sí orúkọ tó wà fún irú èyí, kí wọ́n gbọ́ ti dókítà.

Gbólóhùn mẹ́ta péré. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Kí n wo ojú wọn níbi tí wọ́n kúnlẹ̀ sí kí n sọ pé kò sí? Mo ní, "Wọ́n ní Sáàmù kẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́, fún ọjọ́ méje." Mo rántí pé Sáàmù yẹn mẹ́nu kan egungun, ibi tí mo ti mú un nìyẹn. Ìyá mi béèrè orúkọ mímọ́ tí àwọn máa fi tì í lẹ́yìn. Mo ní Kéli. Ọ̀rọ̀ kan tí Professore máa ń lò ni, ife ló túmọ̀ sí, tàbí ohunkóhun tí a lè bu nǹkan sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe jókòó ti bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, tí wọ́n ń ka Sáàmù, tí wọ́n ń pe ife lé ẹsẹ̀ tó ń jẹrà. Ní àràárọ̀ ni dókítà ń gbé ìwé wá pé kí bàbá mi fọwọ́ sí i. Èmi náà ni mò ń sọ fún un pé bàbá mi ń fẹ́ ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ó bi mí pé ọjọ́ díẹ̀ fún kí ni. Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ti ń jáde lábẹ́ báńdéèjì. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá ti ìka, láti ọrùn ẹsẹ̀ ni. Ojoojúmọ́ ni mo ń pinnu pé n ó jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, ìyá mi á ní kí n tètè wá ṣe Àmín, n ó sì wọlé lọ ṣe Àmín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, n kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún mo sá kúrò níléèwé, mo lọ bá Professore, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò bá mi wí. Wọ́n mú fìlà wọn, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi, wọ́n dúró níwájú ìyá mi, wọ́n ní, "Signora, io non l'ho mai detto." Àwọn kò sọ ọ́ rí. Wọ́n ní àwọn kò fún ìyá mi ní Sáàmù kankan, kí wọ́n jẹ́ kí dókítà ṣiṣẹ́ rẹ̀ lónìí, torí pé ẹ̀mí bàbá mi ló kù tó máa lọ. Lẹ́yìn náà Professore yíjú sí mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ rí i, èmi náà ni. Níbi tí a dúró sí yẹn, kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa. Bí mo bá sọ òótọ́, ìyá mi yóò mọ̀ pé ọjọ́ márùn-ún tí ẹsẹ̀ ọkọ wọn fi ń jẹrà lójú wọn, ọwọ́ ọmọ wọn ló ti wá. Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi yóò kú.

"Mọ́mì," ni mo wí, "wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ Sáàmù náà. Ọjọ́ márùn-ún ti tó. Kí ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe tirẹ̀ lónìí."

Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n di ọwọ́ Professore mú, wọ́n ń dúpẹ́, omijé ń bọ́ lójú wọn. Professore rò pé òótọ́ ni ìyá mi gbọ́, pé wọ́n sì ti dárí jì mí. Ni àwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Brava," pé mo ṣe dáadáa. Kí ó tó di ọ̀sán, bàbá mi ti fọwọ́ sí ìwé. Òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e.

Bàbá mi mọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá wọn ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èdè tí wọ́n kọ́ níbi iṣẹ́ sì tó láti gbọ́ gbólóhùn kan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà tí ìyá mi jáde lọ ra omi, wọ́n ní kí n sún mọ́ àwọn.

"Mo gbọ́ ohun tí bàbá yẹn sọ," ni wọ́n wí. "Má sọ fún ìyá rẹ. Kò ní lè gbé e."

Wọ́n ní kí n bá àwọn fa aṣọ ìbora sókè, mo sì fà á sókè. Wọn kò padà sí ilé iṣẹ́ irin mọ́ láyé wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ilé ìwòsàn ní mediatrice, àgbàlagbà tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa túmọ̀, tí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà. Bí mo bá bi àwọn ọmọ tèmi ní ìbéèrè ní Yorùbá, èdè Ítálì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn pé, "Non lo so, mamma," àwọn kò mọ̀, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Àwọn ènìyàn ní n kò fún wọn ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ń gbọ́, n kò sì bá àwọn ọmọ náà wí. Ní ti ẹ̀yin, ẹ kò nílò láti wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè nípa Kábálà kún inú fóònù yín. Mo gbọ́ díẹ̀ nínú wọn. N kò tíì gbọ́ ẹnì kan tó ní òun kò mọ̀, ìyẹn sì ń bà mí lẹ́rù fún yín.

Ìyá mi ṣì wà, wọ́n ti darúgbó. Láti ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti ń jẹ́rìí Sáàmù náà káàkiri, pé ẹsẹ̀ ni ikú gbà, kò rí ẹ̀mí gbà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pè wọ́n láti Reggio Emilia pé ọmọ òun wà ní ilé ìwòsàn. Ìyá mi gbé fóònù fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an. Ó wá sí mi lẹ́nu láti jẹ́wọ́. Mo wo ojú wọn, mo tún gbé e mì. Mo kọ Sáàmù kẹfà, ẹ̀ẹ̀meje lójúmọ́, ọjọ́ méje. Lókè rẹ̀ ni mo kọ pé kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ti dókítà, lónìí, kí ó tó ka ẹsẹ kan. Mo kà á sókè kí n tó fi ránṣẹ́. Ìyá mi ní ti dókítà yẹn ńkọ́, ṣé Professore ló sọ ìyẹn náà?

Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì, àwọn ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Professore ti sọ ọ́, òun sì ni ọ̀rọ̀ wọn àkọ́kọ́ tí mo sọ fún ìyá mi bó ṣe rí.