Tábà Tí Mo Jókòó Lé

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ṣé o ti fi ìdí ṣiṣẹ́ rí? Má rẹ́rìn-ín. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, èsì ìdánwò mi dà bíi pé akàn rìn kọjá lórí ẹ̀, iṣẹ́ tí mo sì rí ṣe ni kí n máa jókòó lé tábà bàbá àgbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ewé méjì ni bàbá máa ń pò pọ̀. Ọ̀kan, ti ọjà Igbókòdá, ó pupa, ó gbẹ, a máa ń so ó sókè ibi tí màmá mi ti ń yan ẹja kí èéfín lè gbà á. Èkejì dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí oyin tó ti kan díẹ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá kan ní òdìkejì odò ló ń gbé e wá. Kì í bọ́ sílẹ̀: á so ó mọ́ òpó tí a ń de ọkọ̀ mọ́, á mú ẹja yíyan tí a so síbẹ̀ dè é, á tukọ̀ lọ. Bàbá á rẹ́ ewé méjèèjì lórí àjẹ̀, á wọ́n ògógóró sí i, á dì í sínú aṣọ, á ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìjókòó yá o." Títí di àṣálẹ́ ni mo máa sàba lé e bí adìyẹ, kí ooru ara mi lè jẹ́ kí ewé méjèèjì wọnú ara wọn.

Nígbà tí ìjà odò dé, tí àwa àti àwọn ará òdìkejì ń sun abúlé ara wa, àwọn ará ibi tiwa ń kó lọ sí Igbókòdá. Bàbá kọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ wá so tábà. Bí ìjà bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ṣé kò ní sọ fún mi ni?"

Ẹja tí a so de ọ̀rẹ́ wọn ti rà lórí òpó. Ìdin ń já bọ́ sínú omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní abúlé tó tẹ̀lé tiwa ti jóná. Màmá mi fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Po nǹkan kan fún bàbá. Tí wọ́n bá ti rí tábà fà, tí wọ́n rò pé ọ̀rẹ́ wọn ló gbé e wá, wọ́n á wọ ọkọ̀. Àbí o fẹ́ kí wọ́n sun bàbá mọ́ ibí?"

Mo rẹ́ ti Igbókòdá. Mo fi èèpo ọsàn gbígbẹ sí i, mo fi oyin sí i kó lè rùn bíi ti òdìkejì, mo da ògógóró lé e bí ẹni ń ṣomi lọ́bẹ̀. Mo jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí, ìdí mi ń gbọ̀n. Bóyá ìyẹn gan-an ló ba tábà yẹn jẹ́.

Ẹni tó bá po tábà ló ń kọ́kọ́ fà á nílé wa. Mo fà á. Ewúro tí wọn ò fọ̀ sàn jù ú lọ. Omi bọ́ lójú mi.

"Bàbá, ó dùn o!"

"Ó dùn, o wá ń sunkún?"

"Ayọ̀ ni, bàbá."

Wọ́n gba ìkòkò tábà lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á, wọ́n gbé èéfín sẹ́nu, ó pẹ́. Mo ti ń wá ibi tí màá gbà sá.

"Ọsàn lèyí," wọ́n ní. "Kò gbé e wá."

"Bàbá, bóyá ara ọ̀rẹ́ yín ni ò yá."

"Panu mọ́. Ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀. Ó mọ̀, kò sì sọ fún mi."

Wọ́n gbọn tábà náà dà sódò. Ẹnikẹ́ni ò dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Àwọn fúnra wọn ló rìn lọ sínú ọkọ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kẹ́yìn sí òdìkejì. Mo ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé bóyá wọ́n ti lé ọ̀rẹ́ wọn náà kúrò nílé, pé bóyá òun náà ń...

"Ọ̀mọ̀wé!" Màmá mi ni. "Ṣé o fẹ́ fi òpó yẹn ṣaya ni? Bọ́ sọ́kọ̀ ká máa lọ!"